Ọwọ́ Òsì Lójú Tẹlifíṣọ̀n Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka èyí, nítorí ẹ ó rẹ́rìn-ín, mo sì mọ bí ikọ́ ṣe máa ń bá ẹ̀rín yín jáde.

Ṣadé, ìyàwó Dàpọ̀ àbúrò mi, ti bímọ. Obìnrin ni. England níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn fi wá kí wọn kú ewu ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Òun ni ọmọ-ọmọ yín àkọ́kọ́ tí a bí lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ṣé ẹ pàdé rẹ̀ lọ́nà ni? Kí lẹ sọ fún un?

Wàhálà kan wá bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá. Ìyàwó yín ni. Dàpọ̀ ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò sí, Màámi ni yóò sọ ọmọ lórúkọ, kí wọ́n jókòó sí Ẹ̀pẹ́ kí àwọn sì máa gbọ́ ọ ní England. Màámi gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹsẹ̀ kan múlẹ̀: "Èmi kì í sọ ọmọ tí mi ò rójú ẹ̀ lórúkọ o." A fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n ní ohun tí àwọn ń rí kò yàtọ̀ sí òkèlè ẹ̀bà tí wọ́n fi tówẹ̀lì wé. Ojú wọn ti ń ṣú, Bàbá. Wọn kì í fẹ́ kí a sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti dé tán, ìyá Ṣadé tó lọ tọ́jú ọmọ níbẹ̀ sì ti ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu. Bí Màámi kò bá rí ọmọ náà, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ lórúkọ nínú ilé yín, n kò sì mọ ohun tí a lè fi tu Màámi nínú lẹ́yìn ìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí tẹlifíṣọ̀n yín.

Ó ṣì wà níbi tí ẹ gbé e kọ́, aṣọ àǹkárá tí ẹ rán fún un sì wà lórí rẹ̀. Rìmóòtù náà ṣì wọ ẹ̀wù rẹ̀. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù yẹn fún àwọn ará ibiṣẹ́ mi, wọn kò gbà mí gbọ́. Mo ní bàbá mi tó jẹ́ télọ̀ rán ẹ̀wù fún rìmóòtù, ó rán an pa yíká, ó wá dá ojú bọ́tìnnì mẹ́ta sí i bí ẹni ń ṣe ṣẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún títàn, ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún ìkànnì. Ẹ ní àwọn bọ́tìnnì tó kù, ẹni tó bá fẹ́ ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ló ń wá wọn.

Ní Benson, ní Ìkòròdú tí mò ń gbé, ni mo ti ra wáyà HDMI, èyí tí wọ́n fi ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté lọ síbi iṣẹ́ lérékùṣù Èkó, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí i tí wọ́n ń so ó níbi ìpàdé. Mo rò pé kí ènìyàn ki orí rẹ̀ kan bọ ihín, kó ki èkejì bọ ọ̀hún, ó parí. Mo fi ìgbéraga wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́.

Nígbà tí mo dé, Màámi ti wé gèlè. Wọ́n ti to oyin, iyọ̀, omi, obì àti ataare sínú àwo, wọ́n sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí wọ́n pè wá ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́. Mo tan án. Ojú rẹ̀ dúdú, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí nǹkan kan.

"Kí ló wí?" Màámi bi mí.

Mo ní ó ní òun kò rí nǹkan kan.

"Òun náà? Ó dáa, a ti di méjì."

Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ ní láti tẹ bọ́tìnnì kan lórí rìmóòtù kí tẹlifíṣọ̀n lè mọ ihò tí wáyà gbà wọlé, bọ́tìnnì yẹn sì wà lábẹ́ aṣọ, níbi tí ẹ rán pa. Mo wá bọ́tìnnì irú rẹ̀ lára tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ títí, n kò rí i. Mo wo Màámi. Màámi gba rìmóòtù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tọ ojú abẹ́rẹ́ yín lọ tọ ọ́ bọ̀. Kò sí ìránṣọ yín mìíràn tó kù nínú ilé tí a kò tíì wọ̀ gbó, àyàfi ìyẹn àti aṣọ tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú bíléèdì nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì yín, wọ́n ní ẹni tí yóò bá tú iṣẹ́ télọ̀, ìyàwó télọ̀ ni kó jẹ́. Wọ́n tú u díẹ̀díẹ̀, wọn kò já òwú náà, wọ́n wé e mọ́ ìka wọn.

Mo tẹ bọ́tìnnì náà. Ojú tẹlifíṣọ̀n sì là, ta ni a rí? Ẹ̀yin ni!

Fọ́tò yín tí ẹ ti jókòó nídìí máṣíìnì ni mo fi ṣe ọ̀ṣọ́ ojú láptọ́ọ̀pù mi. Àṣé ńṣe ni láptọ́ọ̀pù náà ka tẹlifíṣọ̀n sí àfikún ojú tirẹ̀, kò gbé ohun tí mo ń ṣe lọ síbẹ̀, àwòrán yín nìkan ló gbé lọ. Ó sì fẹ̀ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kún bámú bámú. Màámi ti fi orúnkún kan kanlẹ̀ kí wọ́n tó rántí ara wọn. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ jòjòló yìí mà ti hu irùngbọ̀n o." A rẹ́rìn-ín títí tí gèlè fi tú. Ṣé lóòótọ́ ni ẹ sanra níbẹ̀? Ta ló ń se oúnjẹ fún yín?

Mo ṣí sẹ́tíńgì. Mo yan ibi tó ní kí ojú méjèèjì máa fi ohun kan náà hàn, mo wá ìwọ̀n tó bá tẹlifíṣọ̀n mu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sì padà sípò. Mo sọ lẹ́tà di ńlá. Mo pe Dàpọ̀, gbogbo wọn yọ sójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé ọmọ náà wá síwájú. Ṣùgbọ́n etí àwòrán náà ti gé, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí ọmọ, kò sí àtàrí.

Màámi pariwo. Wọ́n ní àwọn kò ní sọ ọmọ tí kò ní orí lórúkọ, pé níbo ni àwọn fẹ́ kí orúkọ náà jókòó sí? Dàpọ̀ ń bẹ wọ́n láti ọ̀hún pé orí ọmọ wà, òun ń rí i. Mo tún gba rìmóòtù, mo wá ibi tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe ìwọ̀n àwòrán nínú tẹlifíṣọ̀n náà fúnra rẹ̀, àwòrán náà fà sẹ́yìn díẹ̀, orí ọmọ sì jáde pérépéré, pẹ̀lú irun.

Màámi sún àga síwájú. Wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Mo rí i. Mo rí i, etí bàbá ẹ̀ àgbà nìyẹn." Bàbá, inú mi dùn débi pé mo ń sunkún, n kò sì tijú.

Wọ́n wá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé oyin sókè. Wọ́n rí ara wọn nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo ọwọ́ tí wọ́n fi gbé e níbẹ̀, kíá wọ́n pààrọ̀ ọwọ́. Ìyá Ṣadé ké láti England: "Ẹ jọ̀ọ́ o, Màmá Dàpọ̀, ọwọ́ òsì lẹ fi gbé e! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áńbọ̀sì ọmọ tuntun!"

"Òsì báwo? Mò ń wo ara mi níbí. Ọ̀tún ni."

"Òsì ni, Màmá!"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Bíi dígí ni ẹ̀rọ yẹn máa ń fi àwòrán ẹni han ẹni. Màámi rí obìnrin kan tó kọjú sí wọn, wọ́n rò pé òsì ni ó fi gbé oyin, wọ́n sì bá a tún un ṣe. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa dígí náà, mo pa á. Màámi rí i wàyí pé òsì ni lóòótọ́.

Mo rò pé wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n rántí, ẹ̀yin tí wọ́n nà ní kékeré nítorí ọwọ́ yẹn, tí ẹ ń fi ọ̀tún jẹun, tí ẹ ń fi ọ̀tún kí ènìyàn, àmọ́ tí sísọ́ọ̀sì kò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu àfi ní òsì. Bí oníbàárà bá ń wò yín, ẹ óò ní òsì tiyín kò ní àmì lábẹ́, kì í ṣe òṣì. Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún gbé oyin náà sókè sí i, ní òsì.

"Àna mi, òwe yín dáa. Àmọ́ ilé baba ọmọ yìí, òsì ló kọ́ ọ. Ẹ fi oyin kàn án létè."

Ìyá Ṣadé ní, "Ó dáa, Màmá." Ó fi oyin kàn án létè. Màámi sì pè é ní Ayọ̀túndé. Ọmọ náà lá ètè.

Kí n tó kúrò, Màámi ti fi òwú yín kan náà rán ẹ̀wù rìmóòtù padà, wọ́n sì dá ojú bọ́tìnnì kẹrin sí i. Ó wọ́ díẹ̀. Ẹ má bínú sí wọn, ojú ni.

Mo ń lọ wọkọ̀ nígbà tí obìnrin kan tó ru ẹja gbígbẹ láti Ejìnrìn dá mi dúró. Ó ti gbọ́ ìròyìn ọmọ, ó ń wá ilé Ìyá Dàpọ̀. Báàgì láptọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé e sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé. N kò gbé e sílẹ̀. Mo na òsì, mo fi júwe ilé yín.

Èmi ni,
Ọmọbìnrin yín, tó fi ọ̀tún àti òsì fẹ́ràn yín.