Kọ́kọ́rọ́ Kejì Yàrá Oníbodè

                                                  Ilé Alájà Méjì Aláwọ̀ Ewé,
                                                  Ẹ̀yìn Gáréèjì Àtijọ́,
                                                  Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Elétí Ológbò, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà tá a ti jọ ń sùn lórí ẹní kan,

Mo kí ọ, kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti jẹ́ kó máa gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ tó máa ń tú ìdí rédíò rẹ wò ńkọ́? Ara tèmi le koko. Dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù, mo ní kí òun náà dín ọ̀rọ̀ kù.

Àkọ́bí rẹ ló sọ fún mi pé o kì í gbọ́ fóònù dáadáa mọ́, pé téèyàn bá pè ọ́, "Ẹn? Ẹn?" lò ń wí títí á fi sú ẹni náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín o. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, ìwọ tó o ka mẹ́rin ò sì tíì gba ẹni tó jáde yunifásítì síṣẹ́ rí. Èmi, wọ́n kún ọ́fíìsì mi. Tí mo bá wọlé láàárọ̀, ńṣe ni wọ́n ń dìde bí ìgbà tí tíṣà wọ kíláàsì. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé rédíò tá a tún ṣe lọ fún oníbàárà, tí àwọn èèyàn wá ń sọ pé "bá mi gbé èyí dání", títí tó fi di ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹ̀ka káàkiri, ó yẹ kó yan díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ìwọ nìkan ló máa yé dénú egungun.

Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì mi, ó pẹlẹbẹ bí àpótí bàtà tí èèyàn jókòó lé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà àwọn ẹ̀ka wa ń bára wọn sọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ẹni tó yẹ, á jẹ́ kó wọlé. Olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, á lé e padà. Fáyáwọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ògiri iná ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi ò rí ògiri, mi ò sì rí iná, ni mo bá sọ ọ́ ní Oníbodè. Orúkọ yẹn ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é báyìí, títí kan àwọn tó gboyè.

Díráìfù méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju páálí káàdì lọ. Àwọn ló ń bá a rántí nǹkan: ẹni tó lè kọjá, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ọ̀nà tí kálukú ń gbà. Ohun tí ọ̀kan mọ̀ ni èkejì mọ̀. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa báṣẹ́ lọ, èrò tó wà níta ò ní fura. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀kan kú. Kò ké, kò rùn. Iná kékeré kan lára rẹ̀ ló kàn pọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o rántí bí rédíò ṣe ń kú nígbà tiwa? Á kọ́kọ́ máa kùn bí àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn. Òórùn wáyà á gba ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀gá wa tó kọ́ wa níṣẹ́ rédíò á gbórí sókè nídìí oúnjẹ wọn, wọ́n á ní, "Ta ló ń pa rédíò oníbàárà níbẹ̀ yẹn?" Ìwọ á sì ti mọ gílóòbù tó fẹ́ lọ kí èéfín tó yọ, torí etí rẹ yẹn, ológbò gan-an ò lè bá a díje. Díráìfù inú Oníbodè ò ní ohunkóhun tó ń yí nínú. Ikú wọn ò ní ariwo.

Ọmọ mi obìnrin, Ìyá Kékeré, tí ìwọ fúnra rẹ sọ lórúkọ yẹn torí pé ó jọ ìyá mi, òun ló ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ náà. Ó ránṣẹ́ ra díráìfù tuntun, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni, ọrùn mi ló sì wà. Tó bá fẹ́ wọlé, èmi ni mo máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ti bẹ̀ mí títí kí n jẹ́ kí wọ́n gé ọ̀kan fún òun. Mo ní tí mo bá kú, kó tú u lọ́rùn mi.

Ọjọ́ tí díráìfù dé, ó ti lọ sí ẹ̀ka wa tó wà lójú títì ńlá. Mo ní ṣé èmi ni mo máa jókòó de ọmọ tí mo bí, kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi? Mo wọlé, mo fi awò sójú. Kí n tó ronú rárá, ọwọ́ mi ti lọ sídìí wáyà iná, ó ti fà á yọ. O mọ ohun tó fà á. "Má fọwọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń mí." Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá wa nìyẹn, ìgbátí la sì fi gbà á. Ìwọ gba tìrẹ létí ọ̀tún.

Oníbodè dákẹ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo fóònù ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ̀ka kan ní àwọn ò rí orúkọ oníbàárà mọ́. Òmíràn ní ẹrù wà nílẹ̀, àwọn ò mọ ti ta ni, èrò sì ti ń lu káńtà. Akọ̀wé mi sáré wọlé, ó ní, "Bàbá, gbogbo nǹkan ti dúró o!" Mo ní kó lọ jókòó, iṣẹ́ ló ń lọ.

Àfi bí Ìyá Kékeré ṣe já wọlé, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́.

"Bàbá, ta ló paná Oníbodè?"

"Èmi ni. Ṣé kí n fọwọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń mí ni?"

"Yéè, Bàbá mi! Láàyè ni wọ́n ń pààrọ̀ tirẹ̀! Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí ẹnu ibodè má baà tì."

Ó wá là á yé mi. Ó ní díráìfù tó kù yẹn ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsinmi, pé irú rẹ̀, tó bá lọ dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó lè má dìde mọ́. Ẹ̀dà ohun tó mọ̀ tó wà lọ́wọ́ òun, ó ti pẹ́, a ò tíì ṣí àwọn ẹ̀ka tuntun nígbà náà. Tí kò bá jí, ńṣe la máa jókòó kọ́ Oníbodè ní gbogbo nǹkan látìbẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ á sì wà ní títì. Gbogbo iṣẹ́ ayé mi, ọ̀rẹ́ mi, wá rọ̀ mọ́ páálí kan báyìí.

Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, ẹ̀rù kì í ba ẹnu mi. Mo di kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi mú, mo ní, "Tí kò bá jí, gba èyí. Mi ò ní wọ yàrá yìí mọ́ láyé mi."

"Bàbá, ẹ yé búra, ẹ jẹ́ n ráyè." Ó ki wáyà padà.

Fáànù inú rẹ̀ hó yèè, lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀. Kò sí nǹkan kan mọ́. Àwa méjèèjì lóṣòó síwájú rẹ̀. Èmi ò sí nínú yàrá yẹn mọ́ o, mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá wa, èmi àti ìwọ níwájú rédíò ńlá olóríi pákó yẹn. A ti tan án, a ń dúró kó gbóná. Ìwọ á gbé etí lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ á là sílẹ̀. Èmi á ní, "Ó ti ń bọ̀?" Ìwọ á ní, "Dákẹ́, kò tíì mí." Gílóòbù á pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ọsàn tó ń pọ́n, ohùn á wá ti ọ̀nà jíjìn dé, Ọ̀gá wa á sì fọwọ́ gbá tábìlì. Kò tíì sí ilé, kò tíì sí ọkọ̀, kò sí ẹni tó ń dìde fún mi. Síbẹ̀, mi ò rò pé inú mi tíì dùn ju ìgbà yẹn lọ.

Bí mo ṣe bá ara mi nìyẹn, tí mo gbé etí lé Oníbodè. Ìyá Kékeré ní, "Bàbá, kí lẹ ń gbọ́?" Mo ní, "Dákẹ́, kò tíì mí."

Ó mí! Iná àkọ́kọ́ tàn, èkejì tẹ̀ lé e, ti díráìfù àgbà tó kù yẹn náà sì di àwọ̀ ewé. Àwọn fóònù dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Ìyá Kékeré yọ òkú díráìfù, èmi ni mo ti tuntun wọlé, wọn ò bí ẹni tó máa gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Nígbà tó ró "kọ́" tó sì jókòó, inú rẹ ì bá dùn sí ìró yẹn. Mo rò pé ó parí. Ìyá Kékeré ní rárá, pé Oníbodè kì í gba àlejò torí pé ó ṣáà ti wà nínú ilé, àfi kéèyàn fà á lé e lọ́wọ́. Ó tẹ ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ fún un pé kó gbà á, ó wá ní kí n tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Ni àgbà yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun tó mọ̀ sínú tuntun. Ibodè ò tì, èrò ń kọjá, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kọ́ ẹlòmíì níṣẹ́.

Mo bi í pé, "Tó bá kọ́ ọ tán, ṣé a máa yọ àgbà ni?"

Ó wò mí. "Kí la fẹ́ yọ ọ́ fún, Bàbá? Àwọn méjèèjì ni wọ́n á jọ máa ṣe é."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ onígékọ́kọ́rọ́ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìfowópamọ́, mo gé ọ̀kan, mo jù ú sórí tábìlì ọmọ náà. Kì í ṣe pé mo pàdánù o! Oníbodè jí, èmi ni mo jàre. Mo kàn fún un ni.

Elétí Ológbò, o ti mọ ibi tí mo ń lọ. Àkọ́bí rẹ, tó ń tún fóònù ṣe, ní òun fẹ́ gbé tábìlì òun sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí òun lè kọ́ iṣẹ́ rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. O ní kò sáyè, pé tó o bá gbà, wọ́n á ní o ti fẹ̀yìn tì. Ta ló fẹ́ yọ ọ́? Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, mélòó mélòó wá ni ṣọ́ọ̀bù tó lè gba tábìlì méjì.

Rántí Ọ̀gá wa. Bí wọ́n ṣe ń wé wáyà rédíò ńlá yẹn, wọ́n fi pa mọ́ fún wa títí, wọ́n ní a ò tíì tó. Ìgbà tí àìsàn wá dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ní ká sún mọ́ àwọn. A tẹ̀ ba síbi ẹnu wọn. Ètè wọn ń mì. Ìwọ tó ń gbọ́ ìrìn eèrà, o wò mí, o mirí. Iṣẹ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Etí rẹ ṣì ń gbọ́ díẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ náà gbé tábìlì rẹ̀ wọlé lọ́la, kó tó di pé òun náà á máa wo ètè rẹ.

Bá mi kí ìyàwó wa, kí o kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Kékeré ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ṣì ń pe òun ní ìyá mi. Kọ́kọ́rọ́ tèmi ṣì wà lọ́rùn mi o, kí ẹnikẹ́ni má tàn ọ́.

Èmi ni, ẹni tẹ́ ẹ jọ gba ìgbátí kan náà,
Ọwọ́ Wúrà.