Ìdí Tí N Kò Fi Gbé Fóònù Rẹ ní Ọjọ́rú

Norine ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara rẹ ń gba òtútù Ṣikágò? Ẹni tó ṣọ́ ọ débẹ̀ á máa ṣọ́ ọ lọ. Àwa ará ilé wà ní àlàáfíà, ìyẹn èmi àti àwọn adìẹ. Igi ápù màmá rẹ so gan-an lọ́dún yìí, mo se èso rẹ̀ títí ó fi ki bí oyin, ìgò mẹ́rin ni mo fi pamọ́ dè ọ́.

Jọ̀wọ́ má bínú nítorí Ọjọ́rú. Mo gbọ́ nígbà tí fóònù ń dún, mo sì mọ̀ pé ìwọ ni, torí ta ló tún ń pè mí? Mo jókòó tì í, mo káwọ́ lé itan, mo ń wò ó títí ó fi dákẹ́. Adájọ́ ló ní n kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kódà ará ilé mi. N kò bá àwọn adìẹ gan-an sọ̀rọ̀.

Ìjọba ló kọ ìwé pè mí. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ sin màmá rẹ. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́ tó ké bí mo ṣe kọjá, wọ́n ní kí n bọ́ bẹ́líìtì. Mo ní ṣòkòtò yìí kò ní dúró o, mo ti rù díẹ̀. Wọ́n ní kí n fọwọ́ dì í mú. Àṣé àwa méjìlá ni wọ́n ṣà jọ láti dá ẹjọ́ Lonnie Skeens, ọmọkùnrin tó fi ìbọn ja báńkì lólè.

Ó ti gbowó tán kó tó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá, ló bá di aboyún kan tó wá gbowó mú. Ìyáàfin Ratliff tó ń ṣiṣẹ́ ní káńtà ní kó fi aboyún sílẹ̀, kó jẹ́ kí òun bá a lọ. Mọ́tò Ìyáàfin Ratliff ni wọ́n gbé dé etí odò kí Lonnie tó fi í sílẹ̀.

Lọ́yà Lonnie ní lóòótọ́ ló jalè, ṣùgbọ́n kò mú ẹnikẹ́ni nígbèkùn, torí ẹnu ara rẹ̀ ni obìnrin náà fi ní kí àwọn jọ lọ. Adájọ́ wá là á yé wa bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ábídí, pé ó gbọ́dọ̀ dá wa lójú pé tipátipá ló fi mú un lọ, láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀, ìbáà ṣe ìṣísẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tó ku àwa nìkan, Virgil tó ń tún katakata ṣe ní ta ló fa obìnrin yẹn, ṣebí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn. Mo ní bí mo bá na ìbọn sí ìyàwó rẹ̀, tí Virgil fúnra rẹ̀ ní kí n mú òun dípò ìyàwó náà, ṣé òde ló ń bá mi lọ? Ó ní kí bàbá yìí yọ ìyàwó òun kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìbọn. La bá kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ adájọ́. Ó pè wá padà, ó ní bí ẹnu bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tó sì jẹ́ ẹ̀rù ló mú un sọ ọ́, ìyẹn kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Virgil náà gbà. A dá Lonnie lẹ́bi lórí méjèèjì, olè jíjà àti mímú èèyàn nígbèkùn. Bàbá rẹ̀ wà níjòókòó ẹ̀yìn, ó ń lọ́ fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. N kò lè wojú rẹ̀.

Ìgbà tí a jáde ni Virgil ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹjọ́ nìkan ni wọ́n ní ká má sọ. Mo sáré pè ọ́. Obìnrin kan tó ní ohùn bíi tìrẹ ní o kò sí nítòsí, kí n sọ̀rọ̀. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dá mi lóhùn. Bá mi kí i, bóyá inú rẹ̀ ni kò dùn.

Norine, lẹ́yìn ìsìnkú màmá rẹ, o bi mí bóyá kí o dúró. Mo ní rárá, máa lọ, ara mi le. Ẹ̀rù ló mú mi sọ ọ́, ẹ̀rù pé o máa kórìíra ilé yìí bí mo bá dá ọ dúró. N kò dá ọ lẹ́bi o. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá wò ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré, Virgil á bá mi bọ́ adìẹ. Ṣùgbọ́n bí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, wí fún mi tààrà, má torí àánú ní kí n máa bọ̀.

Ilẹ̀kùn tí o bá kàn á ṣí fún ọ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbàgbé ọ̀nà ilé.

Èmi bàbá rẹ,
Elwood Stidham