Odó Ìyá Rẹ àti Ìwé Ìpín

Ọ̀nà Ilé-Ìwé,
Ọ̀rùn-Èkìtì.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2026.

Bánkọ́lé ọmọ mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, gbogbo ilé kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Mi ò béèrè bí ẹni tó kàn ń kíni lásán o, mo fẹ́ kí o dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa, nítorí òun gan-an ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ọlọ́run tó fún wa ní ọ ní ọdún tí yìnyín já páánù ilé ìwé kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ. Ìwọ ni yóò sin wá, a kò ní fi ọwọ́ ara wa sin ọ́. Ṣe àmín kí o tó ka ìyókù.

Ara tiwa náà le, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó ń dún bí ilẹ̀kùn bí mo bá dìde. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì. Wọ́n ti tún òrùlé ìjọ wa ṣe, wọ́n sì pín fọ́ọ̀mù fún gbogbo ilé kí a kọ orúkọ ọmọ àti iṣẹ́ ọmọ sí i. Mo kọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ Bùsọ́lá, nọ́ọ̀sì, ó tán. Nígbà tó kan tìrẹ, mo kọ pródúsà, alùfáà sì bi mí pé kí ni pródúsà ń ṣe. Mo ní orin ni. Ó ní ṣé ó ń kọrin ni, mo ní rárá. Ó ní ṣé ó ń tẹ dùùrù, mo ní kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé òun ló ń darí àwọn akọrin, mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jókòó. Ó wo ojú mi títí, ó kọ òwò sí i. Bí kì í bá ṣe òwò, sọ fún mi kí n lọ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní, ní agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́, tí mo sì kọ sínú ìwé ìrántí mi, ìwé kan wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ sórí fóònù Olúkáyọ̀dé, olùkọ́ tó gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wa. Ó ní o ní kí ìyá rẹ fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sórí gíláàsì fóònù náà kí o lè gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ fọ ọwọ́, ó nu ún, ó na ìka, mo sì ní kó dúró ná. Orúkọ tí èèyàn fi ìka kọ sórí gíláàsì, bí orúkọ tí èèyàn kọ sójú omi ni, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Mo ní kí Olúkáyọ̀dé gun ọ̀kadà lọ sí Ìsẹ̀ kó lọ tẹ ìwé náà jáde, nítorí mi ò lè ka ìwé tí kò ṣeé dì mú.

Nígbà tó dé, mo wọ ìgò ojú mi, mo kà á fún gbogbo ilé. Orúkọ ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìwọ Bánkọ́lé, márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Gbémisọ́lá kan tí a kò mọ̀ rí, márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá rẹ Esther, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, àyè tí kálukú yóò fọwọ́ sí. Bánkọ́lé, èmi fi ọdún márùndínlógójì ṣe olùkọ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìwé ló ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìwé wo ni wọ́n máa ń kọ orúkọ èèyàn sí, tí wọ́n á kọ ìpín kálukú sí iwájú rẹ̀, tí ìyá oníǹkan á sì wà lára àwọn tí wọ́n ń pín in fún? Ogún ni. Ogún ta ni? Tìrẹ ni.

Ìyá rẹ kò sunkún lákọ̀ọ́kọ́. Ó lọ mú ẹ̀mú ní ìdí ààrò, ó fi gbé ìwé náà kúrò lórí tábìlì kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa kàn án, ó ní òbí kì í jogún ọmọ, pé òun kò tọ́ ọ láti wá gba mẹ́wàá lórí rẹ. Ìgbà yẹn ló tó wá sunkún. A pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá láàárín ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àti ọ̀sán ọjọ́ kejì, o kò gbé e. Ìwọ rò ó wò bí inú wa yóò ti rí.

Ní ọjọ́rú, ẹ̀gbọ́n mi Olúṣẹ́gun pe ìpàdé ilé. O mọ̀ pé òun ni àgbà wa, kò sì sí ogún tí wọ́n pín ní àdúgbò yìí láti ogójì ọdún tí kò sí níbẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní òun ti rí oríṣiríṣi ogún, òun ti rí ibi tí wọ́n ti pín ilẹ̀kùn sí méjì, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí òkú tó mú ìpín tirẹ̀ nínú ogún ara rẹ̀ rí. Ó ní ọmọ Èkó ti gbọ́n kọjá ikú. Àbúrò mi Babáfẹ́mi ní kí a fi ti òkú sílẹ̀ ná, kí a sọ ti Gbémisọ́lá. Ó ní obìnrin tí ìpín rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti ọkùnrin láì yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò sí ohun mìíràn tó jẹ́ ju ìyàwó lọ. Ìyá rẹ tún bú sẹ́kún, ó ní ọmọ òun ti gbéyàwó, ó sì ti kú, kò sì sọ ọ̀kankan fún òun nínú méjèèjì. Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni o pè wá, a sì jáwọ́ nínú ààwẹ̀ náà ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Gbèsè ọjọ́ kan àtààbọ̀ wà lọ́rùn wa lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Má bínú pé mo kọ́kọ́ bi ọ́ ní orúkọ ajá tó bù ọ́ jẹ nígbà tí o wà ní kíláàsì kejì. Mo fẹ́ mọ̀ pé ìwọ ni. O rẹ́rìn-ín, mi ò rí ohun tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀. O ní ẹ̀ ń bẹ nínú yàrá tí ẹ ti ń gba ohùn sílẹ̀, pé ẹ kì í tan fóònù níbẹ̀. O wá fi ohùn mẹ́ta ránṣẹ́ láti ṣàlàyé, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì kọ ohun tó yé mi sílẹ̀. O ní Gbémisọ́lá ló kọ orin náà, kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. O ní ìwọ lo to gbogbo ohun tó ń dún lábẹ́ ohùn rẹ̀. O ní àwọn kan tó ń ṣe fíìmù fẹ́ gba orin náà, wọn kò sì ní gbà á bí gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé, pé bí oṣù yìí bá parí, orin ẹlòmíràn ni wọn yóò mú. O ní ọ̀pọ̀ pródúsà tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ti padà sílé nítorí wọn kò kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ ṣì dùn, pé ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ òun títí irun yóò fi funfun, ìwé ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú.

O tún ní orin dà bíi kòkó, èèyàn á gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, yóò máa so lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ló tún dàrú mọ́ mi lójú. Ta ló ń ro oko orin? Nínú òjò, ṣé ó máa ń dúdú lórí igi bíi kòkó? Àwọn tó ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù, tí Olúkáyọ̀dé ní wọ́n pọ̀, ṣé olè ni wọ́n àbí oníbàárà? Bí wọ́n bá jẹ́ olè, kí ló dé tí inú rẹ fi ń dùn bí wọ́n bá pọ̀ sí i?

Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí, a gbọ́ orin náà. Ìyá rẹ ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, Olúkáyọ̀dé sì tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Kó tó di pé ọmọbìnrin yẹn ya ẹnu, ìyá rẹ sọ ẹ̀fọ́ sílẹ̀, ó ní odó òun nìyẹn. Mo ní odó pọ̀ láyé. Ó ní odó òun ni, pé òun mọ ibi tó ti sán, bí ọmọ-odó bá bà á níbẹ̀, kì í dún bíi ti ibòmíràn. A jọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbá odó náà, a tẹ ti orin, bákan náà ni. Mo bá ṣí ìwé ìrántí mi, mo rí i: ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, Bánkọ́lé jókòó sẹ́yìn ààrò, ó na fóònù sí odó, mo rò pé ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ó wá yé mi pé nítorí odó náà ni o ṣe kọ mẹ́wàá fún ìyá rẹ, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tìrẹ wà. Ọmọ-odó méjì ló ń dún nínú orin yẹn, ọ̀kan ń bọ́, ọ̀kan ń dìde, ẹnì kan kò lè gún un bẹ́ẹ̀ àyàfi tó bá ní ọwọ́ mẹ́rin. Bísí, ìyàwó Babáfẹ́mi, ni wọ́n jọ gún iyán lọ́jọ́ náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bísí pàápàá ti gbọ́ pé ìyá rẹ nìkan ni o kọ mẹ́wàá fún, láti ọjọ́ náà, ìkúnlẹ̀ tó fi ń kí ìyá rẹ kò dé ilẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ ní iyán ni àwọn méjèèjì jọ gún, ọmọ-odó kan kì í dá ara rẹ̀ lóhùn, kí o kọ márùn-ún fún Bísí. Mo bínú díẹ̀ sí ọ nípa èyí. Nígbà tí mo ń pe rẹ́jísítà, ẹni tó bá wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yé mi nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ nìyẹn, ìwọ náà sì gbàgbé ẹnì kan.

Nítorí kí àkọsílẹ̀ lè pé, ikọ́ mi wà nínú orin náà. Lẹ́yìn tí Gbémisọ́lá bá ti pe ìfẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, gbọ́ ọ dáadáa. Mi ò béèrè ìpín kankan lórí ikọ́, mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ̀.

Nísinsìnyí, ìyá rẹ kò tíì fọwọ́ sí i. Mo ṣàlàyé títí, mo ní Bánkọ́lé wà láàyè, a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní ohùn kọ́ ni èèyàn. Ó ní oṣù Kejìlá ni òun gún iyán, oṣù Kejì ni odó òun ń dún nínú fóònù, bẹ́ẹ̀ òun wà nídìí ẹ̀fọ́ tí òun kò mú ọmọ-odó dání. Ó ní ẹni tó bá lè mú kí odó tí ẹnì kankan kò gún máa dún, ohùn tirẹ̀ kò ní ṣòro fún un láti fi sílẹ̀ kó máa dáhùn, kódà kó mọ orúkọ ajá. Mo ti wá èsì sí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́bọ̀, mi ò rí i. Olúkáyọ̀dé náà ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó lọ sí yunifásítì.

Ohun tó sọ ni pé kí ìwọ fúnra rẹ mú ìwé náà wá, kí orúkọ Bísí wà nínú rẹ̀. Ó ní òun àti Bísí yóò gún iyán nínú odó kan náà, o ó jókòó níwájú òun, o ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní òkú kì í jẹ iyán. Bí o bá ti fọ ọwọ́, òun yóò fọwọ́ sí i. Oṣù yìí ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ń kúrò ní Èkó ní ìdájí, ọ̀kadà á gbé ọ dé ilé.

Bí o bá ń bọ̀, fi owó díẹ̀ ṣáájú, nítorí iṣu ti wọ́n, Bísí sì ní kì í ṣe iṣu mẹ́ta ni òun yóò gún lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ òun sínú ìwé. Ra bátìrì rédíò fún mi, kí o sì bá mi wá ìgò ojú tí kì í já ní etí. Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà náà ní kí o má gbàgbé àwọn, ebi pa wọ́n nítorí rẹ.

Ohun tí o gbìn yóò so, ẹlòmíràn kò ní ká a. Iṣẹ́ tí kò yé bàbá rẹ yìí yóò bọ́ ọ, yóò bọ́ àwọn ọmọ rẹ. Ọ̀nà yóò gbà ọ́ wálé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Timothy Adégbóyèga, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyá rẹ ti ń gba rẹ́jísítà mi àtijọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ìlà márùn-ún lójúmọ́. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú orúkọ náà nìkan ni kò tíì dúró dáadáa. Ti òwúrọ̀ yìí, mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.