Ohùn Ta Ni Yóò Wọ Àwo Yìí?

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún ọkọ mi. Kò gbọdọ̀ fọhùn rárá. Mo bi dókítà bóyá á tún lè kọrin. "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná." Ká máa wo kí ni? Àwo orin rọ́ọ̀kì wa kò tíì parí, òun sì ni olórin. Àwọn tó fẹ́ gbé e jáde kọ̀ láti sún ọjọ́ síwájú. Èmi, ìlù ni mò ń lù. Mo ti lu tèmi tán.

Ọjọ́rú, 5
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ — àbúrò ọkọ mi, òun ló ń ta gìtá — fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn sítúdíò. "Ìyàwó wa, ẹ bá wa kọ àwọn orin tó kù." Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Èmi tí mò ń kọrin ní balùwẹ̀ lásán! Ó ní láti pálọ̀ lòun ti ń gbọ́ mi. Mo ní ká kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní rárá o: tó bá gbọ́, á fi tipátipá kọrin, ọ̀fun rẹ̀ á sì bàjẹ́ pátápátá.
Òótọ́ ni. Òótọ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo kọ orin kan.
Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn mi dà bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi okùn fà. Ni Bàbá Bọ́tìnnì, ẹni tó ń gba ohùn wa sílẹ̀, bá ní kí n wá ẹnì kan bínú sí. Mo bínú — sí dókítà, sí bí ilé wa ṣe pa rọ́rọ́, sí gbogbo ọdún tí mo ti fi jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí mo ṣíwọ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.
Mo délé, ọkọ mi gbé àgbọ̀n sókè: báwo ni? Mo ní ìlù là ń tún ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Orin mìíràn. Irọ́ mìíràn. Ohùn mi ti há. Mo ní òtútù ló mú mi. Ó po oyin mọ́ omi gbígbóná fún mi — oyin tá a rà nítorí ọ̀fun tirẹ̀. Adìyẹ bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù: mò ń retí ọ̀la.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ó wá.
Mo wà nínú yàrá onígíláàsì, mo dijú, mò ń ké. Mo lajú — ọkọ mi ló dúró lẹ́yìn Bàbá Bọ́tìnnì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dìde: "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo —" Ọkọ mi na ọwọ́ sí i pé kó dákẹ́. Ó tọ́ka sí ẹ̀rọ: kí wọ́n tún gbé orin náà sí i. Ó dorí kodò, ó gbọ́ ọ dé òpin. Ló bá fọhùn, ohùn bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ òkúta nílẹ̀: "Ẹ pa ohùn tèmi rẹ́. Gbogbo ẹ̀."
Nílé, ó tún rọra bi mí. "Ṣé o gbádùn ẹ̀?" Irọ́ ti tó gẹ́ẹ́. Mo ní mo gbádùn ẹ̀. Ó mi orí, ó lọ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo jí, kò sí lórí ibùsùn. Mo sáré lọ sí sítúdíò, mo bẹ Bàbá Bọ́tìnnì pé kó má fọwọ́ kan ohùn rẹ̀. Ó ní ẹ̀pa ò bóró mọ́: ọkọ mi ti wá, ó dúró tì í títí ó fi pa á rẹ́ tán.
Mo gbọ́ ariwo kan nínú yàrá ìlù. Òun nìyẹn, lórí àga mi, ó ń lù ú ṣégeṣège. "Ìwọ lo máa kọ gbogbo ẹ̀," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Kọ́ mi ní ìlù."
Ó di igi ìlù mú lódìlódì. Mo tún un ṣe sí i lọ́wọ́.