Igbà Ọ̀pẹ Kò Yẹ Òpó Rédíò Akanran

Ilé Àwọn Olùkọ́,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìdápọ̀,
Akanran, lọ́nà Ìbàdàn.

Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹrin, 1964.

Akọ̀wé,
Ìgbìmọ̀ Alámòójútó Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìdápọ̀,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ ṢE GUN ÒPÓ RÉDÍÒ WA LỌ́JỌ́ SÁTIDÉ, KÍ Ẹ SÌ RA ÌGBÀNÚ AGÙNPÓ

1. Mo gba ìwé yín ti ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí. Ẹ ní kí Gàfárù gun òpó rédíò ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, kí ó parí iṣẹ́ tí Làmídì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè parí, kí àwọn àlejò yín tó dé. Ẹ tún ní kí ó lo igbà tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ fún yín pé n kò lè mú àṣẹ yìí ṣẹ. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù, ìdí nìyí tí mo fi fi ìwé yìí rán awakọ̀ dípò ilé ìfìwéránṣẹ́.

2. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú Ìgbìmọ̀ má tíì rí òpó náà. Òpó irin roboto ni, ó ga tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Irin ìtẹ̀sẹ̀ tí a tẹ̀ bí etí ìkòkò wà níwájú rẹ̀ láti ìdí dé òkè. Orí rẹ̀ ni wáyà wà tí ẹgbẹ́ rédíò wa fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nílẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀, láìgba kọ́bọ̀, nítorí pé a fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kí afẹ́fẹ́ má baà wó o, wáyà mẹ́ta dì í mú láti ilẹ̀ ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, mẹ́ta mìíràn ní ogójì. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ló ba ti orí rẹ̀ jẹ́.

3. Nígbà tí a ń wá ẹni tí yóò gùn ún, orúkọ Làmídì ni gbogbo ènìyàn dá. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gun ọ̀pẹ láti kọ ẹyìn, igbà rẹ̀ kò sì já rí. Gbogbo wa, olùkọ́ àti àgbẹ̀, la gbà pé ẹni tó bá lè gun ọ̀pẹ lè gun ohunkóhun. Inú wa tilẹ̀ ń dùn pé a kò nílò ohun èlò òyìnbó kankan.

4. Ibi tí a ti ṣìnà nìyí. Ara ọ̀pẹ rí gbágungbàgun, igbà a máa rí ibi dì mú. Irin tí a kun lọ́dà ń yọ̀. Láti ìdí ọ̀pẹ dé orí, kò sí ohun tó ń dí igbà lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí agùnpó bá dé ibi tí àwọn wáyà so mọ́, àfi kí ó tú igbà kí ó tó lè so ó padà lódìkejì wọn. Ní gbogbo àkókò náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń mú un dúró.

5. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù yìí, Làmídì gòkè, ó sì tún apá kan wáyà orí òpó ṣe. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Bí ó ti ń sọ̀ bọ̀, ó tú igbà ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì já lulẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ìdí òpó. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ bí egungun itan rẹ̀ ṣe dá. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn tó ń to egungun ló wà títí di òní, kò sì dájú pé yóò tún gun ọ̀pẹ mọ́. Ìwé yín pè é ní aláìbìkítà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ yín.

6. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán okùn wò. Mo fi igbà tuntun so àpò yanrìn tó wúwo tó ènìyàn mọ́ òpó náà, bí agùnpó ṣe ń so ara rẹ̀. Ó yọ̀ dé ilẹ̀. Èyí tó nípọn ṣe bákan náà. Olúfúnmi, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bá mi wá ìgbànú àlòkù kan láti Ìbàdàn. Awọ rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa ojú rírán rẹ̀, òwú ti jẹra. Mo dá a padà.

7. Ohun tí a nílò ni ìgbànú awọ tuntun tó fẹ̀, tó ní òrùka irin lọ́tùn-ún lósì, okùn kúkúrú méjì tí ìkọ́ irin wà lẹ́nu wọn, irú ìkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń pa dé fúnra rẹ̀, bàtà onígìgísẹ̀ tí kì í yọ̀ lórí irin, àti akoto. Okùn méjèèjì ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Agùnpó yóò kọ́ èkejì mọ́ irin ìtẹ̀sẹ̀ lódìkejì wáyà kí ó tó tú ti àkọ́kọ́. Kò ní sí ìgbà kan tí ọwọ́ nìkan yóò máa gbé e ró.

8. Gàfárù ti ní òun yóò gùn ún, nítorí ojú ń tì í láti kọ̀ fún yín. Mùjíbátù, aya Làmídì, wá bá mi nílé lánàá. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa bọ́ ọkùnrin méjì lórí ẹní ni?"

9. Ó ku ohun kan tí n kò kọ sínú ìròyìn tí mo fi ránṣẹ́ sí yín tẹ́lẹ̀. Kí Làmídì tó gòkè, ó nawọ́ sí àwọn wáyà náà, ó bi mí bí òun yóò ti ṣe ré wọn kọjá. Èmi ni mo ní kí ó tú igbà, kí ó tún un so. Ó wò mí, ó ní kò burú, pé èmi ni mo kàwé. Ìwé tí mo fi dábàá igbà ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta wà lọ́wọ́ yín, orúkọ mi ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá aláìbìkítà, ẹ má wá a lọ sọ́dọ̀ Làmídì.

10. Mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé iṣẹ́ Sátidé, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn àlejò bá òpó náà bó ṣe wà. Ẹ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹ bá rí i pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n mo ti tú irin ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́wàá ìsàlẹ̀ òpó náà, abẹ́ ibùsùn mi ni wọ́n wà. Bí Gàfárù bá dé lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni yóò bá nídìí òpó, n kò sì ní kúrò níbẹ̀.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́,

Ọláníyì Akínwándé,
Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì àti Alága Ẹgbẹ́ Rédíò.