Ìyàwó Àbúrò Ọkọ Mi Tí Mo Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Ba Eyín Rẹ̀ Jẹ́

Èmi ni mo ba eyín ìyàwó àbúrò ọkọ mi jẹ́. Mo ti sọ ọ́ báyìí... Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi, mo bẹ̀ yín.

Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìsọlọ̀, èmi àti ọkọ mi, ìyá ọkọ mi, àti àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì kan lọ́nà Òṣòdì. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí ìjọba ní kí wọ́n fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, àbúrò ọkọ mi ra tẹlifíṣàn, ó tún fẹ́yàwó. Lọ́jọ́ tí ìyàwó yẹn, ọmọdé lásán, wọlé tó rẹ́rìn-ín, ọkàn mi gbọgbẹ́. Eyín funfun báláú, èjí tún wà níwájú! Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Èmi tí mo ti bímọ mẹ́rin fún wọn ńkọ́? Eyín tèmi pọ́n, omi kànga ìlú wa ló fà á láti kékeré, kò sí pákò tí mi ò fi rin ín, kò mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn! Tá a bá ń wo tẹlifíṣàn, ẹnu ọmọ yẹn ni ọkọ mi ń wò... ọkọ tèmi o! Ṣé kí inú má bí mi ni?

Èmi ni wọ́n fa ìyàwó tuntun lé lọ́wọ́, ohun tí mo bá sì ti sọ, abẹ gé e. Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́nu ẹ̀rọ omi, mo ní eyín rẹ̀ ti fẹ́ máa pọ́n. Irọ́ gbuu! Mo ní kó máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí iyọ̀, kó máa fi rin eyín láràárọ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni. I swear, mo mọ̀ pé ó máa ń jẹ eyín, ìyá mi àgbà ti kìlọ̀ fún wa. Nígbà tó ní eyín ń kan òun, mo ní ìdọ̀tí ló ń kúrò, kó fi kún un. Kò pé ọdún méjì, eyín ti tín-ín-rín, ó pọ́n bíi tèmi, ó ń ṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ò pè é ní Eyínfúnjowó mọ́. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́... inú mi dùn!

Àṣé eyín tó ṣẹ́ yẹn ń ha á nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Egbò dá síbẹ̀, kò jinná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní kí n sìn ín lọ ọsibítù. Dókítà ní òun ò sọ pé eyín tó ṣẹ́ ló ń fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n egbò tó pẹ́ tó báyìí, ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá gé díẹ̀ níbẹ̀ fún test. Ó wá bi í léèrè, kí ló fi ń fọ ẹnu? Òógùn bò mí. Ọmọ yẹn wò mí, ó ní pákò lásán ni. Nígbà tá a jáde, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n bá àǹtí òun wí. Háà! Kò mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Síbẹ̀ owú yẹn ò lọ o. Ọkọ mi wá fi mọ́tò gbé wa, iwájú ló ní kí ọmọ yẹn jókòó sí, níbi témi máa ń jókòó... inú tún ń bí mi. Lórí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́nu! Irú èèyàn wo ni mí?

Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi, wọ́n á gba ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ mi. Tí mo bá dákẹ́, ó ṣì ń lo ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn, torí èmi náà ni mo ní tó bá ń ta á, ó ń jinná nìyẹn. A ò tíì gba result. Láàárọ̀ yìí ó gbé ọsàn wẹ́wẹ́ wá, ó ní ara òun ò le, kí n bá òun fún un sí iyọ̀. Ìyá ọkọ mi jókòó níbẹ̀, ó ń wò wá. Mo fún ọsàn náà.

Ẹ gbà mí... tó bá tún gbé e wá lọ́la, kí ni kí n ṣe?