Ìyá Ṣúgà, Àwòrán Yín Ti Ń Rìn

Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà. Ọdún mẹ́rin! Ọkàn yín daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, lórí àga níbi iṣẹ́, ẹ ò tilẹ̀ dágbére.

Ọmọbìnrin yín ti ga jù mí lọ. Ohùn yín ló gbé wọ̀, débi pé tó bá pè mí láti yàrá kejì, àyà mi á já.

Ẹ rántí ìwé ìwádìí yín lórí bí ṣúgà inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe ń ba ẹ̀dọ̀ ọmọdé jẹ́, èyí tí ẹ fi ọdún mẹ́jọ kọ, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tìtorí ẹ̀ sọ yín ní Ìyá Ṣúgà? Inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Ẹnikẹ́ni ò kà á. Èmi tí mò ń ya ìgò tó ń jó fún ìpolówó ọtí yẹn kan náà ni mo kà á, ojú sì tì mí. Mo sọ ọ́ di àwòrán tó ń rìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré: ẹ̀dọ̀ ọmọ kékeré kan, olójú rogodo, tó ń ru àpò ṣúgà títí orúnkún ẹ̀ fi yẹ̀. Ọmọ yín ló fọhùn sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ràn bí iná lórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Àwọn olùkọ́ ń fi han ọmọ iléèwé, àwọn nọ́ọ̀sì ń fi han àwọn ìyá tó jókòó de dókítà.

Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ọtí náà dé, pé ká yọ àwòrán náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ẹjọ́ ló kàn. Mo ṣì ń kà á lọ́wọ́ tí fóònù dún. Ọkùnrin kan ni, ohùn ẹ̀ tutù: "Ọmọ Ìyá Ṣúgà ló sọ̀rọ̀ nínú àwòrán yẹn, àbí? Ohùn ẹ̀ dùn. Iléèwé ẹ̀ ò sì jìnnà síbi tí mo wà yìí."

Ẹ dárí jì mí. Mo yọ àwòrán náà kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣi bọ́tìnnì tẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ yín wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ mi. "Bọ̀dá, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ohùn mi. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ṣé wọ́n á gbàgbé ẹ̀ ni?"

Mo dá a padà. Àwa méjèèjì la jọ dá a padà.

Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń mú un lọ iléèwé, èmi náà ni mò ń mú un bọ̀. Mọ́tò tó bá tẹ̀lé wa kọjá kọ́nà méjì, òógùn á bò mí. Àwọn ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, wọ́n ní ká máa ṣọ́ra. Ká máa ṣọ́ra!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ la máa fojú kan adájọ́. Ká ní ẹ wà níbí ni, ẹ̀yin lẹ̀ bá dúró níwájú, èmi ì bá sá pamọ́ sẹ́yìn yín bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Èmi ló wá kù níwájú, ẹ̀yìn mi sì ṣófo.

Mi ò ní yọ ọ́ mọ́. Àárò yín ń sọ wá, Ìyá Ṣúgà. Lónìí tí ẹ̀rù ń bà wá jù yìí la tún wá fẹ́ràn yín sí i.